Ìwé Alágbẹ̀dẹ Tí Mo Kà fún Ọ Kọ́ Ni Wọ́n Tẹ̀

Ojúlé wa, Igbó-Ọrà.

Àbẹ̀ní mi, ọmọ tí mo bẹ̀bẹ̀ kí n tó ní,

Kí o tó ka ìlà kejì, jọ̀wọ́, lọ wò ó bóyá o ti pa gáàsì ní ilé ìdáná. Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i pé ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí yóò gùn, ọbẹ̀ kì í sì í dúró de ẹni tó ń kàwé.

Láti ọjọ́ Àìkú tí o ti pè mí tòun ti ẹkún ni mi ò ti rí oúnjẹ jẹ dáadáa. Mo rò ó síhìn-ín, mo rò ó sọ́hùn-ún. Mo ní bóyá ara rẹ ni kò yá. Mo ní bóyá wọ́n ti lé ọ níbi iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, lẹ́yìn gbogbo ìjókòó sílé yẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá yé mi tán, ẹ̀rù mi kò lọ. Ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni.

O ní, "Bàbá mi, ìwé tí ẹ kà fún mi kọ́ nìyí!"

Jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe yé mi, kí n má baà dáhùn ohun tí o kò bi mí. Àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ ń ṣe géèmù orí kọ̀mpútà, irú èyí tí ènìyàn fi ń rin ìrìn àjò nínú igbó àti ìlú tí kò sí. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mú ìtàn kan wá. Ìwọ mú ìwé alágbẹ̀dẹ, èyí tí mo máa ń kà fún ọ nígbà tí o kò tíì ga tó tábìlì. O kò fojú ara rẹ kà á rí, nítorí ikán ti jẹ ẹ̀dà tiwa kí o tó mọ̀wé kà dáadáa. Ohun tí o gbọ́ lẹ́nu mi lo sọ fún wọn. Ọ̀gá rẹ fẹ́ràn rẹ̀, ó wá ìwé náà rí, ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n ní kí ìwọ ya àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ìgbà yẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. O bá a níbẹ̀ pé abuké tó gbé alágbẹ̀dẹ sọdá odò, ẹni tí o fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà, ànjọ̀nú ni wọ́n pè é, alágbẹ̀dẹ sì bẹ́ ẹ lórí. O bá a pé àwọn ará abẹ́ òkè, tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, ajẹ̀nìyàn ni gbogbo wọn. Ojú tì ọ́. O fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé ta ló mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá.

Mi ò lè fèsì lórí fóònù. Mo máa ń pariwo jù níbẹ̀, nítorí ẹ̀rù máa ń bà mí pé o kò gbọ́ mi. Nítorí náà ni mo ṣe mú bírò. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ọmọ mi. Gbọ́ bí ìwé kan ṣe di méjì ná, kí o tó pinnu.

Ní àwọn ọdún tí òmìnira ṣì jẹ́ tuntun, mo wà ní ilé-ìwé gíga ní Èrúwà. Wọ́n fún mi ní ìwé alágbẹ̀dẹ náà fún ẹ̀bùn, nítorí mo mọ Yorùbá kọ. Èèpo rẹ̀ pupa, ó ń rùn bí ìwé tuntun ṣe ń rùn, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà àti búrẹ́dì ṣe é. Mo fi aṣọ wé e nínú àpótí mi. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo gbé e wálé sí Igbó-Ọrà, mo sì bá ilé nínú iṣẹ́ ẹ̀gúsí.

Ìwọ kò mọ ẹ̀gúsí bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Inú ọ̀rá lo ti ń rà á. Nígbà tiwa, a ó fọ́ bàrà lóko, a ó kó o jọ kó jẹrà, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ọ̀nà oko kan. A ó fọ̀ ọ́ lódò, a ó sá a sórí ẹní títí ojúlé á fi funfun. Lẹ́yìn náà ni bíbó á wá kàn. Abẹ́ igi odán iwájú ilé ni ìyá mi àti àwọn obìnrin agboolé máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, atẹ lórí itan, ọwọ́ wọn á máa lọ, èèpo á máa dún pẹ́pẹ́pẹ́ bí òjò tí kò fẹ́ rọ̀. Ẹni tó mọ̀wé kì í bó ẹ̀gúsí. Ó ń kàwé fún àwọn tó ń bó o. Àṣà agboolé wa nìyẹn. Bí ìtàn bá dùn, ọwọ́ á yá. Bí kò bá dùn, wọ́n á lé ọ dìde, wọ́n á sì fún ọ ní atẹ. Èmi kò fẹ́ atẹ rárá.

Ẹni tó ń ra ẹ̀gúsí ìyá mi ni Ìyá Dáre, láti Igangan. Abuké ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Òun nìkan ló ń kó gbogbo ẹ̀gúsí wa lọ sí Ìbàdàn. Ó máa ń jókòó sórí àpótí láàárín wọn, á máa bu ẹ̀gúsí wò, á máa bú wọn, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan, ìtàn dé etí odò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà pé alágbẹ̀dẹ bá abuké kan níbẹ̀. Ojú mi ti sáré ṣáájú ẹnu mi. Mo rí ohun tó tẹ̀lé e, pé ìwà ibi gan-an ló di ẹrù lé e lẹ́yìn. Nínú dọ́mítọ̀rì ní Èrúwà, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ti ka ojú ìwé náà láìmọye ìgbà, a sì fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìyá Dáre jókòó síwájú mi. Mo fò ó.

Mo ní, "Alágbẹ̀dẹ sì bá ara rẹ̀ ní òdì kejì odò."

Ìyá Dáre gbójú sókè. "Dúró ná, akọ̀wé. Ta ló gbé e sọdá?"

"Ó lúwẹ̀ẹ́ ni, mà."

"Pẹ̀lú ẹwìrì àti ọmọ owú lórí? Ṣé alágbẹ̀dẹ ni àbí ẹja?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní, "Akin, ka ohun tó wà níbẹ̀, má tan wá jẹ."

Nítorí náà, èkíní: má fo nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ yóò sọ pé kí ẹ kàn yọ abuké kúrò, kí ọ̀rọ̀ parí. Ihò tí ẹ bá lu sínú ìtàn kì í dí, ẹni tí ẹ sì ní ẹ ń dáàbò bò ló máa kọ́kọ́ rí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ni abuké ṣe tí kò ní sí nínú ayé àròsọ? Ṣé wọn kì í rìnrìn àjò ni?

Mo ka ojú ìwé náà fún wọn. Mo kà á títí dé ibi orí bíbẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ gbogbo wọn dúró. Ìyá mi gbé atẹ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ìyá Dáre ní, "Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó bá abuké ná ọjà rí?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà."

"Kò bá wa ná an rí. Ká ní ó bá wa ná an rí ni, ì bá mọ̀ pé a kì í dákẹ́ kí wọ́n tó bẹ́ wa lórí."

Ìyá mi ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá Dáre, ọmọdé ni. Inú ìwé ló wà."

"Ìyá Akin, mi ò bá ọmọ yín jà. Ìwé ni mò ń bá jà." Ó dìde, ó ká àpò rẹ̀ tó ṣófo, ó lọ. Kò ra ẹ̀gúsí kankan lọ́jọ́ náà. Ìyá mi kò bá mi wí. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bá mi wí.

Mo wá dá ọgbọ́n. Mo jókòó ti ìwé náà, mo mú pẹ́ńsù, mo tún ibẹ̀ kọ. Mo wọ abuké ní aṣọ funfun. Mo ní kó gbé alágbẹ̀dẹ sọdá lọ́fẹ̀ẹ́, kó gbàdúrà fún un, kó má gba ohunkóhun. Inú mi dùn sí ara mi. Nígbà tí Ìyá Dáre padà wá, ó ní, "Ẹ̀gúsí Ayétẹ̀ ò tó tiyín ni mo ṣe padà o. Ẹ má rò pé mo ti dárí jì yín." Mo sáré mú ìwé, mo ka tuntun fún un.

Ó kọ́kọ́ wò mí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dára.

"Lọ́fẹ̀ẹ́? Ó gbé gìrìpá ọkùnrin sórí iké tó ń dun ún, pẹ̀lú irin, lọ́fẹ̀ẹ́? Ó tún wá gbàdúrà lé e? Akin, lọ́jọ́sí ànjọ̀nú ni mí. Lónìí mo di áńgẹ́lì. Ọjọ́ wo lo fẹ́ kí n di èèyàn?"

Àbẹ̀ní, mo ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ láyé mi, mi ò gbọ́ èyí tó wọ̀ mí lára tó gbólóhùn yẹn. Mo ní, "Kí ni kí n kọ, mà?"

Ó ní, "Jẹ́ kó ná an!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó di abuké, ó mú ìyá mi ṣe alágbẹ̀dẹ. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ àdá fún òun kí òun tó gbé e. Wọ́n ná an títí wọ́n fi gbà. Ó gbé e dé àárín odò, ó dúró. Ó ní, "Àdá nìkan ò tó. Rọ ọkọ́ kún un."

Ìyá mi ní, "Ṣé nínú omi ni kí n ti rọ ọkọ́, ìwọ olè yìí?"

"Olè ló sì ń gbé ọ dání. Bọ́ sílẹ̀ kí o máa lọ."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí èèpo ẹ̀gúsí fi bá a lọ́fun, a sì ń gbá a lẹ́yìn. Ìyá Dáre kó gbogbo ẹ̀gúsí lọ lọ́jọ́ náà. Èmi sì kọ gbogbo ohun tó sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé náà.

Ẹni tí o fẹ́ràn nìyẹn. Nígbà tí o wà ní kékeré, wàá gùn mí lẹ́yìn, wàá ní mo gbọ́dọ̀ dúró ní àárín yàrá, wàá sì máa kígbe, "Ọkọ́ kò tó, rọ ẹ̀wọ̀n kún un!" Ẹ̀wọ̀n yẹn, ìwọ lo fi kún un. Mi ò mọ ìdí tí o fi ń fẹ́ ẹ̀wọ̀n. Mo ti ń ṣàníyàn nípa rẹ láti ìgbà náà.

Èkejì, nígbà náà: má sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Èrò rere ló ń mú ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kan náà ni wọ́n fi ń ti ẹni náà mọ́ta.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa eré náà gan-an, nítorí iṣẹ́ rẹ ni. Àwa ọmọ agboolé kò fi ìtàn náà mọ sórí kíkà. A máa ń fi igi ya ọ̀nà àti odò àti òkè sórí iyanrìn. A ó da èèpo ẹ̀kùrọ́ sílẹ̀, iye tó bá dojú sókè ni ìṣísẹ̀ rẹ. Olúkúlùkù á mú ẹni tó fẹ́ jẹ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ abuké. Ẹni tó bá kéré jù là ń fi ṣe é, a ó sì fi ewé nà án títí á fi sunkún. Lẹ́yìn ọjọ́ Ìyá Dáre, gbogbo wa là ń jà sí i. Ó dùn mọ́ mi nínú, ẹ̀rù sì tún bà mí: bí Ìyá Dáre bá gbọ́ pé wọ́n tún lu abuké lálùbolẹ̀ nínú eré ńkọ́? Mo bá ṣòfin pé ẹni tó bá jẹ́ abuké kò gbọ́dọ̀ pàdánù. Kò pẹ́ tí eré náà fi kú. Ẹni tí kò lè pàdánù, ta ni yóò bá a ta? Mo fa òfin náà ya, eré sì tún bẹ̀rẹ̀. Nínú géèmù tiyín, jẹ́ kí abuké lè borí, kó lè ṣubú, kó lè rẹ́ ni jẹ, kí wọ́n lè rẹ́ òun náà jẹ. Kí ẹni tó bá fẹ́ lè mú un rin gbogbo ìrìn àjò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má ṣe jẹ́ etí odò nìkan ni wọ́n ti ń rí i.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé. Ọ̀rọ̀ àwọn ará abẹ́ òkè ló kù.

Ìwé ní ohùn wọn dà bí ti ẹyẹ, ènìyàn ni wọ́n sì ń sè. Nígbà yẹn, bàbá mi ní àwọn Àgàtú tó ń bá a ṣiṣẹ́ oko. Èdè wọn kò yé mi, mo sì ti ka ìwé. Fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan, mi ò mu omi nínú akèrègbè wọn, bí oòrùn ti wù kó mú tó. Mo máa ń sọ pé òùngbẹ kò gbẹ mí. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin gíga kan tó máa ń kọrin sí iṣu kó tó wà á, bu omi ó nà án sí mi. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó rọra ń bọ̀ sọ pé, "Akin, mu. Èèyàn ò sí nínú rẹ̀. Mo ti yọ ọ́." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Wọ́n ti mọ̀ látijọ́! Mo mu omi náà. Omi lásán ni, ó tutù.

Ṣùgbọ́n ibi yìí ni mi ò rí tún ṣe. Nígbà tí mo ń kà á fún ọ, mo kàn sọ pé ebi ń pa àwọn ará abẹ́ òkè, mo sì yára ṣí ojú ìwé kejì. Kò sí ẹni tó bá mi sọ ọ́ bí Ìyá Dáre ṣe bá mi sọ ti abuké, èmi náà kò sì béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa. Ìwọ lọ béèrè. Níbi iṣẹ́ rẹ, tàbí ládùúgbò rẹ, wá ẹni tí wọ́n ti fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ka ibẹ̀ fún un, kí o sì farada ìdákẹ́jẹ́ tó bá tẹ̀lé e. Má fi ojú àánú lọ o. Fi ojú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ há lọ.

Wọn yóò sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń rò láyé ìgbà náà. Irọ́ ni. Ìyá tó bí bàbá mi, tí kò mọ̀wé rárá, tó ń bọ Òrìṣà Ńlá, máa ń sọ fún wa pé ẹni òòṣà ni abuké, ẹni òòṣà ni arọ, ẹni òòṣà ni àfín. Ẹni tó bá fi wọ́n rẹ́rìn-ín, Olúwa wọn ló ń bú. Òun kan náà kò sì jẹ́ gbà kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ayé ìgbà náà kò ní ọkàn kan, gẹ́gẹ́ bí ti ìsinsìnyí kò ṣe ní.

Bẹ́ẹ̀ ni kí o má sì bú ẹni tó kọ ìwé. Ó wá sí ilé-ìwé wa lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn. Àgbàlagbà tí ń wúkọ́ ni, ó dìde kúrò lórí àga rẹ̀ kí olùkọ́ wa aláboyún lè jókòó. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé nípa òwúrọ̀ lórí òkè, tí ènìyàn á fi fẹ́ dìde lọ wò ó. Ẹni rere ni, ó sì kọ ohun búburú. Ẹ kọ ọ́ síwájú géèmù náà, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i: ẹni tó ni ìtàn nìyí, ohun tí a kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí. Kí ẹ sì kọ Ìyá Dáre náà síbẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ó sì yẹ ká dárúkọ ọlọ́gbọ́n náà.

Ó kù sí ohun tí o bi mí gan-an. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí o bá lọ, ìwé pupa náà kò ní bá ọ lọ. Orí tábìlì wọn ni yóò wà, wọn yóò sì gbé e fún ẹlòmíràn tí kò gbọ́ ìtàn kejì, tiwa, rí. Ohun tí wọ́n tẹ̀ ni ẹni náà yóò yà. Àwọn ọmọ yóò máa gba máàkì lórí orí abuké tí wọ́n bẹ́. Ìyá Dáre ti kú, ìyá mi ti kú, ikán jẹ ohun tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Èmi ń wúkọ́. Nínú gbogbo ayé, èmi àti ìwọ nìkan ló mọ bí abuké yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, lọ bá ọ̀gá rẹ kí o tó jókòó sáàyè rẹ, nítorí bí o bá jókòó, ẹ̀rù yóò bà ọ́. Mo mọ ẹni tó bí ọ. Sọ fún un pé ìwọ lo mú ìwé náà wá, pé o kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pé o mọ̀ ọ́n wàyí, o sì mọ èyí tó sàn jù ú lọ. Bí ó bá ní kí o máa lọ, wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀, má wọ ti ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ yóò ti ro láfún sílẹ̀. Bí ó bá sì ní kí o sọ ọ́ kóun gbọ́, má ṣàlàyé púpọ̀. Dìde dúró níwájú gbogbo wọn, tẹ ẹ̀yìn rẹ, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò ní sùn títí yóò fi gbọ́ ohùn rẹ,

Akin.